Bí ẹ ṣe lè mọ̀ bóyá ẹ kúnjú òṣùwọ̀n físà ọkọ, aya tàbí civil partner sí Ìlú Ọba

Ọjọ́ kan ṣoṣo ni gbogbo ìṣirò físà yìí rọ̀ mọ́: ọjọ́ tí ẹ san owó ìbéèrè lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹ sì fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́. Láti ọjọ́ náà ni òṣìṣẹ́ Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba Bìrìtéènì tí ń rí sí físà, yóò ti máa kà sẹ́yìn. Yóò ka oṣù mẹ́fà fún owó oṣù, yóò ka ọjọ́ 28 láti mọ̀ bóyá státímẹ́ǹtì báńkì kò tíì pẹ́ jù, yóò ka ọdún méjì fún ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì, yóò sì ka oṣù mẹ́fà fún ìwé àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ọ̀pọ̀ tọkọtaya tí mo mọ̀ tí wọ́n já kulẹ̀ kì í ṣe òpùrọ́, ìfẹ́ wọn kì í sì í ṣe ayédèrú. Wọ́n kàn fi ìwé ránṣẹ́ ní ọjọ́ tí ìwé náà kò tíì gbó ni, tàbí ní ọjọ́ tí ó ti gbó jù. Ẹ mú kàlẹ́ńdà sọ́dọ̀ kí a tó máa bá a lọ.

Àwọn tí ẹnìkan nínú wọn wà ní Ìlú Ọba tí ẹnìkejì sì wà ní Nàìjíríà ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Èmi fúnra mi gba ọ̀nà yìí kọjá, ṣùgbọ́n n kì í ṣe agbẹjọ́rò. Ní Bìrìtéènì, ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin kí ẹni tí kò ní àṣẹ sọ ìmọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ físà di iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Tí ọ̀rọ̀ yín bá díjú, ẹ wá lọ́yà tàbí ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé Immigration Advice Authority, àjọ tí ń fún àwọn agbani-nímọ̀ràn físà ní àṣẹ. Ẹ yẹra fún “ẹ̀gbọ́n tó mọ ènìyàn ní ẹ́ńbásì”, nítorí ẹ̀gbọ́n náà kò mọ ẹnikẹ́ni.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ ohun tí ẹ jẹ́ sí ara yín lójú òfin

Appendix FM ni wọ́n ń pe apá òfin ìwọ̀lú tí ó kan ọ̀rọ̀ yìí, ó sì ti ń ṣiṣẹ́ láti oṣù keje ọdún 2012. Ó gba tọkọtaya láyè, ó gba àwọn tí wọ́n wà nínú civil partnership (àjọṣe tí a fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òfin, tí ó dàbí ìgbéyàwó) láyè, ó gba àwọn àfẹ́sọ́nà tí wọ́n fẹ́ wá ṣe ọ̀kan nínú méjèèjì ní Ìlú Ọba láyè, ó sì gba àwọn tí kò tíì ṣe ìkankan ṣùgbọ́n tí àjọṣe wọn ti dàbí ti tọkọtaya fún ọdún méjì ó kéré tán. Ẹ̀yin méjèèjì gbọ́dọ̀ ti pé ọmọ ọdún 18, ẹ kò gbọdọ̀ bá ara yín tan débi tí òfin fi ka ìgbéyàwó yín léèwọ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ ti fojú kan ara yín rí. Fídíò orí fóònù kì í ṣe fífojúkanra, bó ti wù kí ẹ ti bá ara yín sọ̀rọ̀ pẹ́ tó.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni civil partnership kò yé. Òfin ọdún 2004 ni ó dá a sílẹ̀, oṣù Kejìlá ọdún 2005 ni ó sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣiṣẹ́ fún ọkùnrin méjì tàbí obìnrin méjì. Láti ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2019, ọkùnrin àti obìnrin náà lè ṣe é ní England àti Wales. Kò sí ẹ̀jẹ́ kankan tí òfin ní kí wọ́n jẹ́. Nígbà tí àwọn méjèèjì bá ti fọwọ́ síwèé níwájú olùforúkọsílẹ̀ àti ẹlẹ́rìí méjì, ó parí. Ní ti físà, kò sí ìyàtọ̀ láàárín civil partner àti ọkọ tàbí aya: fọ́ọ̀mù kan náà ni, iye owó kan náà ni, òṣùwọ̀n kan náà sì ni.

Ibi tí ó ti yàtọ̀ fún àwa ni pé òfin Nàìjíríà kò ní ohun tí ó ń jẹ́ civil partnership. Fún ọkùnrin méjì tàbí obìnrin méjì, òfin tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2014 fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 halẹ̀ mọ́ ẹni tí ó bá ṣe irú ìgbéyàwó tàbí àdéhùn bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ìforúkọsílẹ̀ náà gbọ́dọ̀ wáyé ní orílẹ̀-èdè tí òfin rẹ̀ gbà á. Tí kò bá tíì wáyé, ọ̀nà méjì ló ṣí sílẹ̀. Èkíní ni físà àfẹ́sọ́nà, tí ó jẹ́ ti oṣù mẹ́fà, tí ẹni tí ó gbà á kò sì gbọdọ̀ fi ṣiṣẹ́. Yóò gbé ọjọ́ méje gbáko ní àdúgbò kan kí ó tó lè fi ìfẹ́ wọn tó ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ létí, wọn yóò wá dúró fún ọjọ́ 28, wọn yóò forúkọ sílẹ̀, yóò sì tún béèrè fún físà tuntun láti inú Ìlú Ọba kí oṣù mẹ́fà náà tó pé. Ìnáwó ẹ̀ẹ̀mejì nìyẹn. Ọ̀nà kejì ni ti àwọn tí àjọṣe wọn ti pé ọdún méjì. Láti ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2024, òfin kò tún fi dandan lé e mọ́ pé kí wọ́n ti jọ gbé lábẹ́ òrùlé kan náà fún ọdún méjì yẹn, tí ìdí tí ó mọ́gbọ́n wá bá wà fún un. Ìrànlọ́wọ́ ńlá ni àyípadà yìí jẹ́ fún ẹni tí jíjọ gbé pọ̀ ní ìlú rẹ̀ lè kó sí wàhálà. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ má lọ búra ní kóòtù kankan ní Nàìjíríà láti fìdí irú àjọṣe bẹ́ẹ̀ múlẹ̀. Lẹ́tà àwọn ọ̀rẹ́ tí wọ́n wà ní ìlú òkèèrè tó.

Ní ti tọkọtaya, ìbéèrè tí òṣìṣẹ́ físà máa ń bi ara rẹ̀ ni pé, ṣé ìgbéyàwó yìí dúró lábẹ́ òfin ibi tí wọ́n ti ṣe é? Ìdána tí a ṣe bí ó ti yẹ, tí ìdílé méjèèjì fọwọ́ sí, jẹ́ ìgbéyàwó lábẹ́ òfin Nàìjíríà. Wàhálà rẹ̀ ni ẹ̀rí. Alága ìdúró àti alága ìjókòó kì í fúnni ní sàtífíkéètì. Ẹni tí kò bá ní ju ìdána lọ yóò gba ìwé lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀, yóò sì fi ìwé ìbúra àwọn òbí kún un. Ẹni tí ó ṣe ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì nílò láti yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìwé tí pásítọ̀ fún un ni ìwé tí òfin mọ̀: ìwé tí ìjọba tẹ̀, tí ó ní nọ́mbà, ni òfin mọ̀, kì í ṣe èyí tí ṣọ́ọ̀ṣì fúnra rẹ̀ yàwòrán òdòdó sí. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ tún lọ sí rẹ́jísírì, Ìkòyí ni o tàbí ti ìjọba ìbílẹ̀ yín, kí ọ̀rọ̀ náà má baà gùn.

Tí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ti ṣe ìgbéyàwó rí, ìgbéyàwó náà gbọ́dọ̀ ti tú pátápátá. Ìgbéyàwó rẹ́jísírì, ilé ẹjọ́ gíga ló ń tú u, àṣẹ àkọ́kọ́ tí adájọ́ pa sì gbọ́dọ̀ pé oṣù mẹ́ta kí ó tó di àṣẹ ìkẹyìn. Àṣẹ ìkẹyìn náà ni ẹ óò fi sínú ìwé. Kíkó ẹrù kúrò nílé ọkọ kì í ṣe ìkọ̀sílẹ̀, bí ó tilẹ̀ ti pé ogún ọdún. Ẹni tí ó ní aya méjì sì gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ẹyọ kan ni Ìlú Ọba máa gbà wọlé gẹ́gẹ́ bí aya.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ṣé ẹni tí ó wà ní Ìlú Ọba lè ṣe onígbọ̀wọ́?

Èyí kò gùn. Onígbọ̀wọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ Bìrìtéènì tàbí ọmọ Ireland, tàbí kí ó ti ní àṣẹ ìgbélùú tí kò lópin, tàbí kí ó ní ààbò gẹ́gẹ́ bí asásálà, tàbí kí ó ní pre-settled status ti àwọn ará Yúróòpù tí wọ́n ti ń gbé níbẹ̀ ṣáájú ọdún 2021. Ẹni tí ó wà lórí físà akẹ́kọ̀ọ́ tàbí físà iṣẹ́ kò lè ṣe onígbọ̀wọ́ lọ́nà yìí, òfin tirẹ̀ wà lọ́tọ̀. Nọ́ọ̀sì tí ó ti lo ọdún mẹ́rin lórí físà iṣẹ́ kò tíì débẹ̀ nìyẹn, bí gbogbo ará ilé tilẹ̀ ti ń pè é ní ará Lọ́ńdọ̀nù.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ̀rí pé òótọ́ ni

Òfin fẹ́ mọ̀ pé àjọṣe yín jẹ́ òtítọ́, pé ó ṣì ń lọ lọ́wọ́, àti pé ẹ fẹ́ jọ gbé pọ̀ títí. Àṣìṣe tí àwa Yorùbá sábà máa ń ṣe níbí ni pé a máa ń fi àwòrán ayẹyẹ kún inú ìwé bámúbámú. Mo rí ìwé ẹnìkan tí ó ní ọgọ́ta àwòrán aṣọ ẹbí, ẹni tí ń wò ó kò sì lè mọ èwo ni ìyàwó láàárín èrò. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni àwọn ọgọ́ta náà fi hàn. Ohun tí ó wúlò jù ni ẹ̀rí tí ó tàn ká orí ọdún tí ẹ ti mọ ara yín: àwòrán mẹ́wàá láti ìgbà mẹ́wàá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí ẹ kọ ọjọ́ àti ibi sí abẹ́ rẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú àti òǹtẹ̀ inú páṣípọ́ọ̀tù, ẹ̀rí owó tí ẹnìkan fi ránṣẹ́ sí ẹnìkejì, àkọsílẹ̀ ìpè fóònù, àti ojú ìwé bíi mélòó kan nínú ọ̀rọ̀ WhatsApp láti ọdún kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ kékeré máa ń jẹ́rìí ju ọ̀rọ̀ ìfẹ́ lọ. Nínú ìwé tèmi, ojú ìwé tí mo nífẹ̀ẹ́ sí jù ni èyí tí a ti ń jiyàn lórí ẹni tí yóò san owó jẹnẹrétọ̀ ìyá mi.

Ẹ kọ lẹ́tà kan tí ó sọ ìtàn yín ní ojú ìwé méjì: ibi tí ẹ ti pàdé, iye ìgbà tí ẹ ti rí ara yín, ìdí tí ẹ fi yà síra, ohun tí ẹ fẹ́ ṣe tí ẹ bá pàdé. Tí ohun kan bá wà tí ó lè rú ẹni lójú, bí àpẹẹrẹ tí ẹnìkan bá ju ẹnìkejì lọ ní ogún ọdún, tàbí tí ìdílé kan kò wá síbi ìdána, ẹ fẹnu ara yín sọ ọ́ kí wọ́n tó bi yín.

Orúkọ ńkọ́? Ìyọnu tiwa gan-an nìyí. Ọmọ kan náà ń jẹ́ Olúwaṣeun nínú ìwé ọjọ́ ìbí, Seun nínú sàtífíkéètì WAEC, Oluwaseun Adunni nínú páṣípọ́ọ̀tù, lẹ́yìn ìgbéyàwó ó tún gba orúkọ bàbá ọkọ. Òṣìṣẹ́ tí ń ka ìwé náà ní Sheffield kò mọ oríkì, kò sì mọ̀ pé ẹnìkan ṣoṣo ni. Ẹ to gbogbo ìwé yín sórí tábìlì kí ẹ kọ orúkọ inú ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ó ṣe wà gan-an. Ibi tí lẹ́tà kan bá ti yàtọ̀, ẹ fi ìwé ìbúra àti ìkéde inú ìwé ìròyìn tì í lẹ́yìn. Ìwé yòówù tí ó bá sì wà ní èdè Yorùbá, títí kan lẹ́tà baálé, ó gbọ́dọ̀ ní ìtumọ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì láti ọwọ́ ògbufọ̀ tí ó fọwọ́ sí iṣẹ́ rẹ̀ tí ó sì kọ ọjọ́ sí i.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Owó

Níbí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀. Láti ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 2024, owó tí ó gbọ́dọ̀ máa wọlé fún onígbọ̀wọ́ lọ́dún jẹ́ £29,000 kí owó orí tó kúrò nínú rẹ̀. £18,600 ni tẹ́lẹ̀. Àwọn tí wọ́n ti wọ ojú ọ̀nà yìí ṣáájú ọjọ́ náà, tí wọ́n ṣì wà pẹ̀lú ẹnìkejì kan náà, ń bá iye àtijọ́ lọ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ sún físà wọn síwájú. Fún ẹni tuntun, iye ọmọ tí ń tẹ̀ lé e bọ̀ kò fi kún £29,000 náà.

Tí onígbọ̀wọ́ bá ti wà lẹ́nu iṣẹ́ kan náà fún oṣù mẹ́fà, tí owó oṣù rẹ̀ kì í yí padà, ẹ pín £29,000 sí méjìlá: £2,416.67. Oṣù tí owó rẹ̀ kéré jù láàárín mẹ́fà yẹn ni wọn yóò fi ṣe ìṣirò, kì í ṣe èyí tí ó pọ̀ jù, kì í sì í ṣe àròpọ̀ tí a pín. Tí ó bá jẹ́ pé oṣù márùn-ún pé dáadáa tí oṣù kan sì já sí £2,390 nítorí ọjọ́ méjì tí kò lọ síbi iṣẹ́, gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́, ó sàn kí ẹ dúró títí oṣù yẹn yóò fi jáde kúrò nínú mẹ́fà. Fún ẹni tí wọ́n ń san owó fún ní wákàtí wákàtí, bí ọ̀pọ̀ àwọn ará wa tí ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó, wọn yóò ro oṣù mẹ́fà náà pọ̀, wọn yóò pín in, wọn yóò sì sọ ọ́ di ti ọdún kan. Ẹni tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà níbi iṣẹ́ rẹ̀ yóò fi owó tí ó wọlé fún un láàárín oṣù 12 tí ó kọjá hàn, kí iṣẹ́ tí ó wà lọ́wọ́ náà sì tó £29,000 lọ́dún. Oníṣẹ́ ara ẹni yóò lo ọdún ìṣúná tí ó parí kẹ́yìn, tàbí ìdajì àròpọ̀ ọdún méjì tí ó kẹ́yìn.

Ìwé tí ẹ óò kó jọ fún ẹni tí ń gba owó oṣù ni ìwé owó oṣù mẹ́fà, státímẹ́ǹtì báńkì oṣù mẹ́fà kan náà tí ó fi hàn pé owó yẹn wọlé, àti lẹ́tà láti ọwọ́ agbanisíṣẹ́. Lẹ́tà náà gbọ́dọ̀ sọ iṣẹ́ tí ẹni náà ń ṣe àti iye tí wọ́n ń san fún un, ìgbà tí ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìgbà tí ó ti ń gba iye náà, àti bóyá iṣẹ́ náà jẹ́ ti títí lọ tàbí ti ìgbà díẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ fún mi lẹ́ẹ̀kíní níbi iṣẹ́ tí mo wà nígbà náà jẹ́ ìlà méjì, ó ní “òṣìṣẹ́ wa ni, ènìyàn rere ni”. Mo dá a padà lẹ́ẹ̀mẹta. Kí ẹ má ṣe tijú láti kọ ọ́ sílẹ̀ fún wọn, kí wọ́n kàn yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n sì fọwọ́ sí i.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo tẹ́ àwọn ìwé mi sórí bẹ́ẹ̀dì ní méjì méjì: ìwé owó oṣù lápá òsì, ojú ìwé báńkì lápá ọ̀tún, mo fi búlúù fa ìlà sábẹ́ iye tí ó bára mu. Oṣù karùn-ún kò bára mu. Ìwé owó oṣù ní £2,013.46, báńkì ní £1,963.46. Mo ronú títí kí n tó rántí pé £50 ń lọ tààrà sí àkáǹtì ìpamọ́ kan tí mo ti gbàgbé. Mo tẹ státímẹ́ǹtì àkáǹtì yẹn náà, mo sì fi ìlà kan ṣàlàyé. Ẹ bá mi ṣe irú rẹ̀, nítorí ẹni tí yóò ka ìwé yín kò ní rántí £50 yín fún yín.

Owó oṣù tí ẹni tí ó wà ní Nàìjíríà ń gbà kò wọ inú ìṣirò yìí, ì báà jẹ́ ọ̀gá báńkì. Owó ìpamọ́ rẹ̀ ń wọ̀ ọ́, ti onígbọ̀wọ́ náà sì ń wọ̀ ọ́. Bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀ nìyí: £16,000 àkọ́kọ́ kò ní àǹfààní kankan, lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ óò wá fi 2.5 sọ iye tí ó kù kí owó oṣù tó pé £29,000 di púpọ̀. Tí owó oṣù onígbọ̀wọ́ bá jẹ́ £25,000, ó ku £4,000, ìlọ́po 2.5 rẹ̀ jẹ́ £10,000. Ẹ fi £16,000 kún un, ó di £26,000. Ẹni tí kò bá ní owó oṣù rárá nílò £88,500. A kò lè fi owó ìpamọ́ ran owó oníṣẹ́ ara ẹni lọ́wọ́.

Owó ìpamọ́ náà gbọ́dọ̀ ti wà lábẹ́ àṣẹ yín fún oṣù mẹ́fà gbáko kí ọjọ́ ìbéèrè tó dé, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ owó yíyá. Ibí yìí ni àjọ àti èésú ti máa ń dá ìṣòro sílẹ̀. Ẹni tí ó kó àjọ ní oṣù kejì, tí ó sì béèrè fún físà ní oṣù karùn-ún, owó rẹ̀ kò tíì pé. Bẹ́ẹ̀ náà sì ni owó tí àbúrò bàbá fi ṣe ẹ̀bùn: ó lè jẹ́ ti yín, ṣùgbọ́n ẹ dúró kí oṣù mẹ́fà pé lórí rẹ̀. Ilẹ̀ tàbí ilé tí ẹ tà yàtọ̀, nítorí tí ẹ bá ta ilẹ̀ ní Mówe ní oṣù tó kọjá, tí ẹ sì ní ẹ̀rí pé ẹ ti ni ilẹ̀ náà fún gbogbo oṣù mẹ́fà yẹn, wọn yóò ka owó rẹ̀. Ilẹ̀ tí ẹ kò tíì tà kì í ṣe owó. Tí owó náà bá wà ní náírà, iye pọ́ùn tí náírà yín tó ní ọjọ́ ìbéèrè gan-an ni wọn yóò lò, kì í ṣe iye tí ó tó nígbà tí ẹ fi pamọ́. Ẹni tí ó bá fi náírà ṣírò gbọ́dọ̀ fi àlàfo tí ó dára sílẹ̀, nítorí a ti rí bí náírà ṣe ń ṣubú lóru.

Tí onígbọ̀wọ́ bá ń gba owó ìrànwọ́ àìlera bíi Personal Independence Payment, tàbí Carer’s Allowance (owó ìrànwọ́ fún ẹni tí ń tọ́jú aláìlera), £29,000 kò kàn án. Ohun tí yóò fi hàn ni pé lẹ́yìn tí ó bá ti san owó ilé, èyí tí ó kù yóò tó wọn jẹun láìgba owó ìjọba mìíràn kún un. Bí onígbọ̀wọ́ bá sì wà ní Nàìjíríà pẹ̀lú yín tí ẹ jọ ń padà lọ, ó nílò owó tí ó ń wọlé fún un níbi tí ó wà, ó tún nílò lẹ́tà iṣẹ́ ní Ìlú Ọba tí yóò bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta tí ó bá ti padà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ilé tí ẹ óò gbé

Ilé kò gbọdọ̀ kún àkúnjù. Wọ́n ń ka pálọ̀ mọ́ yàrá tí a lè sùn sí. Yàrá kan fún ènìyàn méjì, yàrá méjì fún mẹ́ta, mẹ́ta fún márùn-ún. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò sí nínú ìkà, ẹni ọdún kan sí mẹ́sàn-án jẹ́ ìdajì. Yàrá àyágbé kan nínú ilé tí ẹ jọ ń lo kíṣíìnì pẹ̀lú àwọn mìíràn lè tó, tí yàrá yẹn bá jẹ́ tiyín nìkan. Ẹ fi ìwé àdéhùn ilé tàbí ìwé ẹ̀yáwó ilé hàn, tí ó bá sì jẹ́ ilé ẹ̀gbọ́n ni, kí ẹ̀gbọ́n kọ lẹ́tà pé òun gbà, kí ó sọ iye yàrá àti iye ènìyàn tí ń gbé ibẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Èdè Gẹ̀ẹ́sì

Inú máa ń bí ọ̀pọ̀ ènìyàn níbí, mo sì gbà fún wọn. Jàmáíkà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí Home Office gbà pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ. Nàìjíríà kò sí níbẹ̀, bí a tilẹ̀ fi Gẹ̀ẹ́sì kọ òfin wa láti òkè dé ilẹ̀. Nítorí náà ẹ óò ṣe ìdánwò ọ̀rọ̀ sísọ àti ìgbọ́ròó ní ìpele A1, tí ó jẹ́ ìpele tí ó rọrùn jù, ní ibi tí Home Office fọwọ́ sí nìkan. IELTS tí ẹ ṣe nítorí ilé ìwé kò dájú pé ó wà lára èyí tí wọ́n gbà: èyí tí ó jẹ́ ti UKVI, ẹ̀ka físà Home Office, ni kí ẹ béèrè. Ìwé ìdánwò náà kò gbọdọ̀ ti ju ọdún méjì lọ. Èmi yóò ní kí ẹni tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa kúkú ṣe ti A2 lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí A2 ni wọn yóò béèrè nígbà tí ẹ bá fẹ́ sún físà síwájú.

Ẹni tí ó ní dìgírì láti yunifásítì Nàìjíríà lè yẹra fún ìdánwò, ṣùgbọ́n sàtífíkéètì dìgírì náà nìkan kò tó. Ó gbọ́dọ̀ gba ìwé lọ́wọ́ Ecctis, iléeṣẹ́ tí ń fi ìwé-ẹ̀rí òkèèrè wé ti Bìrìtéènì, tí ó sọ pé dìgírì náà tó dìgírì Bìrìtéènì, àti pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ẹ ṣe ìṣirò owó ọ̀nà méjèèjì kí ẹ tó yan ọ̀kan. Ẹni tí ó ti pé ọmọ ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kò nílò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí àìlera kò jẹ́ kí ó lè ṣe é.

Ìgbésẹ̀ keje: Àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ, àti ohun tí ó wà lẹ́yìn

Ẹni tí ń bọ̀ láti Nàìjíríà gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò yìí ní ilé ìwòsàn tí Home Office kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kì í ṣe ní ọ̀dọ̀ dókítà tí ẹ mọ̀. Wọn yóò ya àwòrán àyà yín. Tí ohun kan bá wà tí kò yé wọn, wọn yóò gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀, èsì rẹ̀ sì lè tó oṣù méjì. Ìwé-ẹ̀rí náà wúlò fún oṣù mẹ́fà. Ẹ má ṣe é ní àkọ́kọ́ nínú gbogbo iṣẹ́, ẹ má sì fi í sí ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn. Aboyún gbọ́dọ̀ sọ fún wọn pé òun lóyún kí wọ́n tó ya àwòrán.

Ẹ sọ òtítọ́ nípa gbogbo físà tí wọ́n ti kọ̀ fún yín rí, ti Amẹ́ríkà àti ti Kánádà pẹ̀lú, àti nípa ẹjọ́ tí ẹ ti jẹ̀bi rẹ̀. Físà tí wọ́n kọ̀ fún yín kì í fi dandan ba èyí jẹ́, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi pamọ́ tí wọ́n rí i, irọ́ náà nìkan tó láti fi kọ̀ yín. Ìwé báńkì tí wọ́n ṣe ní Olúwọlé náà tó. Ẹ má sì wọlé pẹ̀lú físà àbẹ̀wò pẹ̀lú èrò pé ẹ óò yí i padà níbẹ̀. Òfin kò gbà á.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Owó sísan àti ìfiránṣẹ́

Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, £1,938 ni owó ìbéèrè láti ìta Ìlú Ọba. Owó ìlera, èyí tí ẹ ń san kí ẹ lè lo ilé ìwòsàn ìjọba níbẹ̀, jẹ́ £1,035 lọ́dún fún àgbàlagbà nígbà náà. Nítorí pé físà àkọ́kọ́ jẹ́ oṣù 33, ọdún mẹ́ta ni wọ́n ń ṣírò, ìyẹn £3,105. Nígbà náà, ó di £5,043 fún ẹnìkan, láìka ìdánwò, àyẹ̀wò àti ìtumọ̀. Ẹ wo ojú òpó gov.uk ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ẹ fẹ́ san, nítorí iye yìí máa ń yí padà. Tí wọ́n bá kọ̀ fún yín, wọn yóò dá owó ìlera padà, wọn kò ní dá owó ìbéèrè padà.

Kí ẹ tó tẹ ibi tí a ti ń sanwó, ẹ tún ka ọjọ́: ṣé ìwé owó oṣù àti státímẹ́ǹtì tí ó kẹ́yìn kò tíì ju ọjọ́ 28 lọ? Ṣé oṣù mẹ́fà pé pérépéré, kì í ṣe oṣù márùn-ún àti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta? Lẹ́yìn tí ẹ bá sanwó, ẹ óò fi ìwé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ óò sì lọ tẹ̀ka ní ibùdó tí ń gba ìbéèrè ní Èkó tàbí Àbújá. Ọ̀sẹ̀ 12 ni Home Office sábà máa ń sọ pé yóò gbà. Ẹ má fi iṣẹ́ sílẹ̀, ẹ má sì ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Tí ó bá bọ́ sí i, físà náà gbà yín láyè láti ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò gbà yín láyè láti gba owó ìrànwọ́ ìjọba. Ẹ óò sún un síwájú fún oṣù 30, nígbà tí ẹ bá sì ti lo ọdún márùn-ún, ẹ óò lè béèrè fún àṣẹ ìgbélùú tí kò lópin. Tí wọ́n bá sì kọ̀, lẹ́tà ìkọ̀ náà yóò sọ ìdí rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ ka á ní ẹ̀ẹ̀mejì kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni. Bí ó bá jẹ́ pé ìwé kan ni ó sọnù tàbí oṣù kan ni kò pé, ìbéèrè tuntun lè yá ju ẹjọ́ lọ. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n ní àjọṣe yín kì í ṣe òtítọ́, ẹ wá lọ́yà lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí ọjọ́ 28 ni ẹni tí ó wà ní ìta Ìlú Ọba ní láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ọjọ́ tí lẹ́tà ìkọ̀ bá sì tẹ̀ yín lọ́wọ́ ni wọ́n ti ń kà á.